Bí Àwùjọ Kékeré Ṣe Lè Gba Ẹni Tí Ń Sun Ìta sí Ilé ní Òṣogbo, Kí Ilé Náà sì Bá A Kalẹ́

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwùjọ kékeré ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ ìjọ, mọ́sáláásí, agboolé, ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́, tí ó ti pinnu pé òun yóò gba ẹnì kan tí ń sun ìta sí ilé. Mo sọ pé ẹnì kan, nítorí pé àwùjọ tí ó bá gba ẹnì kan tí ó sì dúró tì í fún ọdún méjì ti ṣe ju èyí tí ó pín oúnjẹ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ́jọ́ ọdún, tí gbogbo wọn sì padà lọ tẹ́ páálí wọn síwájú ṣọ́ọ̀bù ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Oúnjẹ dára, aṣọ dára, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni náà kò ní ni ilé, ilé ni a ó sì kọ́kọ́ fún un.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń to ètò yìí sódì. A máa ń ní kí ó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí, kí ó kọ́kọ́ gba ìwòsàn, kí ó kọ́kọ́ bá ẹbí rẹ̀ parí ìjà, kí a tó wá dá ọ̀rọ̀ yàrá sílẹ̀. Ta ni yóò ṣe gbogbo èyí nígbà tí kò rí ibi gbé oògùn rẹ̀ sí, tí kò sì sùn dáadáa lóru kan? Ní New York ní 1992, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá kan, Sam Tsemberis, dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó yí ètò náà padà. Ó ń fún àwọn tí wọ́n ní àìsàn ọpọlọ tí wọ́n sì ń sun ìta ní ilé tiwọn láìní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìtọ́jú tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọtí sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń lọ bá wọn nínú ilé náà láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn ni kò padà sí ìta. Kánádà dán ọ̀nà kan náà wò ní ìlú márùn-ún láti 2009 sí 2013, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní 2,000. Ní oṣù mẹ́fà tí ó gbẹ̀yìn ìwádìí náà, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ilé ni wọ́n wà nínú ilé ní gbogbo àkókò náà, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 31 péré nínú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ètò ti tẹ́lẹ̀. Ìjọba Finland gba ọ̀nà yìí wọlé láti 2008, wọ́n sì sọ púpọ̀ nínú àwọn ilé ìsùn ọlọ́pọ̀ èrò wọn di ilé tí olúkúlùkù ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Òótọ́ ni pé owó ìjọba ni ó gbé ètò wọ̀nyẹn dúró, àti pé ní Òṣogbo àpò ara wa ni owó yóò ti jáde. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àjèjì ni ọ̀nà náà sí wa. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú ti ń gbé nínú yàrá lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, tí ìbátan wọn kan ń bá wọn gbé, tí wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ọ̀sán tí wọ́n sì ń padà sí abúlé ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará abúlé ń gba owó ilé, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn náà mọ́ra. Òṣogbo fúnra rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọmọ àwọn tí a gbà nígbà náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń pe ara wọn ní onílé lónìí.

Owó àti àwọn ènìyàn tí ẹ nílò

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ títí owó ilé ọdún kejì yóò fi wà nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn yìí le, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń rí ẹni náà lójoojúmọ́ tí òjò ń pa á, ṣùgbọ́n ẹni tí a gbà sílé tí a sì tún dá padà sí ìta lẹ́yìn ọdún kan yóò ṣòro fún láti gba ẹlòmíràn gbọ́ mọ́. Ọdọọdún ni àwọn onílé wa ń gba owó, àwọn mìíràn a sì máa béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Lórí èyí ni owó éjẹ́ǹtì, owó àgírímẹ́ǹtì, àti owó kọ́ṣọ̀n tí onílé ń dì mú nítorí ohun tí ó bá bàjẹ́. Bí ogún ènìyàn bá ń dá 1,000 náírà lọ́sẹ̀, ohun tí yóò wà nílẹ̀ lópin ọdún jẹ́ 1,040,000 náírà. Ẹ pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀: owó ilé ọdún tí a wà nínú rẹ̀, owó ilé ọdún tí ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àti owó ìtọ́jú tí a ó máa fi ra oògùn, san owó ọkọ̀, tí a ó sì fi ra oúnjẹ ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ fi í sí báńkì lọ́nà tí ènìyàn méjì yóò fi máa fọwọ́ sí ìwé kí owó tó jáde, kí akápò sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sí etí gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Àwọn mọ́sáláásí lè yọ nínú sàká, nítorí pé tálákà, aláìní àti ẹni tí ìrìn-àjò há mọ́ wà nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí Kùránì kà sí àwọn tí sàká tọ́ sí.

Lẹ́yìn owó, ẹ yan ènìyàn méjì tí yóò máa bẹ ẹni náà wò. Méjì tó, bí ojú mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò ní mọ ẹni tí yóò bá sọ òtítọ́. Ẹ yan àwọn tí wọ́n ní sùúrù, tí wọ́n mọ bí a ti ń dákẹ́, tí wọn kò sì ní kó kúrò ní Òṣogbo láàárín ọdún méjì tí ń bọ̀, bí ènìyàn bá ti lè mọ̀. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ẹ fẹ́ gbà sílé, obìnrin ni kí àwọn méjèèjì jẹ́.

Bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀

Kí àwọn méjì yìí máa lọ sí ibi tí ẹni náà ń sùn ní àkókò kan náà, ní ọjọ́ kan náà, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ilé. Kí wọ́n kí i bí ó ti tọ́ sí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tí ó tó bàbá wa, bàbá ni a ń pè é, a sì ń kúnlẹ̀ tàbí kí a dọ̀bálẹ̀ níbi tí ó jókòó sí lórí páálí gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún àgbà mìíràn. Mo ti rí i pé ọ̀wọ̀ yìí nìkan máa ń tú ahọ́n ẹni tí kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má ṣe fídíò, ẹ má fi í sórí Facebook láti fi bẹ̀bẹ̀ owó. Ọmọ rẹ̀ lè rí i. Onílé tí ẹ fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ lè rí i, àwọn alájọgbé rẹ̀ náà yóò sì rí i, kò sì ní sí bí yóò ṣe jẹ́ ayálégbé bíi tiwọn mọ́.

Ẹ má da ìbéèrè bò ó. Ohun mẹ́ta tí ó kàn yín ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ó ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, bóyá ara rẹ̀ dá, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Bí ó bá ti ń húkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife; ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì máa ń lò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ebi ti pa títí tí ó fi gbẹ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ńlá lójijì, nítorí pé ó léwu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni tí ẹ rí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, ẹ má ṣe gba yàrá fún un, ẹ má sì ṣe mú un lọ sílé yín. Ẹ lọ bá àwọn wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo tàbí ti Ọlọ́rundá, tàbí iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin àti ọmọdé ní Àbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni òfin là sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọmọ.

Ní ti ẹbí, ẹ fara balẹ̀. Ẹni mìíràn wà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń wá láti ọdún yìí wá, tí ìkéde kan lórí rédíò OSBC ní Òkè-Bàálẹ̀ yóò sì dá padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹni mìíràn sì wà tí ó sá fún lílù, tàbí ìyá àgbà tí wọ́n pè ní àjẹ́ tí wọ́n sì lé jáde, tí ìkéde náà yóò fi ibi tí ó wà han ẹni tí ó ń sá fún. Nítorí náà, ẹ má kéde ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Opó tí àwọn ẹbí ọkọ lé kúrò nínú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan: òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, dárúkọ lílé ẹni jáde nínú ilé àti fífi ìyà jẹ opó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti fún àwọn aláìní ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́ sì ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ̀ lọ nípa rẹ̀.

Yàrá náà

Ẹ bi í léèrè ibi tí ó fẹ́ gbé kí ẹ tó bá éjẹ́ǹtì sọ̀rọ̀. Alábàárù tí ń ru ẹrù ní Orísúnmbáre kò lè gbé ní ìpẹ̀kun ìlú níbi tí owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ yóò ti jẹ ohun tí ó bá rí lóòjọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò yàrá ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé ọjà, bíi Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Alékúwodò tàbí Ìgbọ̀nà. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ yóò ní kí ẹ mú òun jìnnà sí ibi tí òun ti ń mutí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Yàrá kan nínú ilé ojúlé-kojúlé tí ó ní kànga àti ilé ìdáná àjùmọ̀lò tó fún ìbẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é tì láti inú àti láti ìta, òrùlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ jò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní ìlò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ara ògiri bóyá àmì omi wà níbẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn ará àdúgbò bí gọ́tà tàbí odò tó wà nítòsí bá máa ń kún wọlé nígbà òjò. Yàrá tí omi ń yalé kò lówó lórí, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má ṣe fi í sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìjọ tàbí sí ilé ìtura àlejò mọ́sáláásí pẹ̀lú èrò pé ẹ fẹ́ dín owó kù. Nínú irú ibùgbé bẹ́ẹ̀, ẹni náà kò ní ìwé, kò ní ẹ̀tọ́, ìjà kékeré kan pẹ̀lú olùṣọ́ sì ti tó láti dá a padà sí ìta. Bákan náà, ẹ má ṣe kó àjèjì méjì sínú yàrá kan. Ọ̀kan yóò sá fún èkejì, ẹni tí ó sá ni yóò sì padà síbi páálí.

Ohun mẹ́ta ni ó ń ba onílé lẹ́rù nínú irú ọ̀rọ̀ yìí: pé owó ilé kò ní wọlé, pé aríwo àti ìbàjẹ́ yóò wà, àti pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà, òun nìkan ni ọlọ́pàá yóò wá bá. Ẹ dá a lóhùn lórí gbogbo rẹ̀ kí ó tó béèrè. Kí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ yín bá yín lọ, kí ó sì sọ ọ́ báyìí: “Bàbá, ẹni tí a ń bá wá ilé yìí ti la ìṣòro kọjá, kò sì fẹ́ padà sínú rẹ̀. Owó ọdún kan rèé, àwa ni a ó sì dúró fún un lórí ti ọdún tí ń bọ̀. Àwọn méjì yìí ni wọ́n ó máa wá sọ́dọ̀ rẹ̀ déédéé. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ní òru tàbí ní ọ̀sán, ẹ pè wọ́n, wọn yóò dé.” Ẹ má parọ́ pé ọmọ ìyá yín ni, ẹ má sì ṣe tú àṣírí àìsàn rẹ̀ fún onílé, ohun tí ẹni náà bá fẹ́ kí onílé mọ̀ nípa ara rẹ̀ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí wọ́n bá sì pè yín ní òru, kí ẹ dé lóòótọ́. Onílé tí ó bá pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan tí kò rí ẹni gbé e kò ní pè é mọ́, yóò kàn lé ayálégbé rẹ̀.

Orúkọ ẹni náà ni kí ó wà lórí àgírímẹ́ǹtì gẹ́gẹ́ bí ayálégbé, kí ẹgbẹ́ yín sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ kan fẹ́ràn kí ilé wà lórúkọ tiwọn nítorí pé ó rọrùn láti yọ ẹni tí kò bá ṣe dáadáa, ìdí yìí gan-an ni mo fi lòdì sí i. Ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo owó tí ẹ bá san. Kí ẹ sì mọ òfin: bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ayálégbé tí ń san owó ọdọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí onílé tó lè gba ilé rẹ̀ padà, ẹni tí ń san owó oṣooṣù sì ní ẹ̀tọ́ sí oṣù kan. Lẹ́yìn èyí náà, ilé-ẹjọ́ ni ó lè lé e jáde. Onílé kò ní agbára láti yọ òrùlé tàbí kó ẹrù rẹ̀ síta fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí ó bá wọlé

Kí ohun gbogbo ti wà nínú yàrá kí ó tó dé: ibùsùn, àwọ̀n ẹ̀fọn, aṣọ ìbora, kọ́tìnì, sítóófù, ìkòkò méjì, àwo àti ṣíbí, korobá, ọṣẹ, iná kékeré tí ń lo agbára oòrùn, àti oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Kọ́kọ́rọ́ tí ó bá wà, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ fi lé e lọ́wọ́, títí kan èyí tí ẹ lérò pé ẹ ó tọ́jú nítorí ọjọ́ mìíràn. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀yin yóò máa kan ilẹ̀kùn, ẹ ó sì dúró kí ó tó ní kí ẹ wọlé. Kí ó fúnra rẹ̀ lọ kí àwọn alájọgbé, pàápàá ẹni tí ó pẹ́ jù nínú ilé náà, kí ó sì béèrè bí wọ́n ti ń pín ilẹ̀ gbígbá, bí wọ́n ti ń pín owó iná àti ìgbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè má sùn lórí ibùsùn náà rárá. Ó lè sùn nílẹ̀, tàbí kí ó jáde lọ sùn ní ibi tí ó ti wá, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ inú yàrá lè ba ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ ariwo ìta lẹ́rù. Ẹ má bá a wí. Ẹ kàn máa wá lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìbẹ̀wò

Èyí ni apá tí àwọn ẹgbẹ́ ń fi ojú kéré, òun sì ni ó gbé gbogbo iṣẹ́ náà ró. Dókítà Ezra Susser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ṣe ètò kan fún àwọn tí wọ́n ń kúrò ní ilé ìsùn àjùmọ̀gbé bọ́ sí ilé tiwọn. Oṣù mẹ́sàn-án ni ètò náà, wọ́n sì pín in sí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta: ní àkọ́kọ́ òṣìṣẹ́ ń lọ lemọ́lemọ́, lẹ́yìn náà ó ń dín ìrìn rẹ̀ kù láti wò bóyá àwọn mìíràn tí ó yí ẹni náà ká lè gbé ẹrù náà, ní ìkẹyìn ó ń fi gbogbo rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 fi hàn pé àwọn tí wọ́n rí ìrànlọ́wọ́ yìí gbà lo òru tí ó kéré gan-an ní ìta ju àwọn tí kò rí i gbà lọ, àǹfààní náà sì dúró lẹ́yìn tí oṣù mẹ́sàn-án ti parí. Ẹ lè lo ìpín yìí. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ máa lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé e, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Níbi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni pé ẹ kò gbọdọ̀ dúró ní oṣù kẹsàn-án, nítorí pé ní Òṣogbo ìgbà tí owó ilé ọdún kejì bá tó san ni ilé máa ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ máa lọ lóṣooṣù títí ọdún kejì yóò fi parí.

Ìbẹ̀wò yàtọ̀ sí àyẹ̀wò. Ẹ jókòó. Bí ó bá fún yín ní omi, ẹ mu ún. Nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ń sọ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń sùn, bóyá òun àti àwọn alájọgbé ń gbọ́ra wọn yé, bóyá oògùn kù. Kí ẹ padà délé kí ẹ tó kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹni kejì lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ kò bá ní lè lọ, ẹ pè é ṣáájú àkókò. Ẹ má sì ṣe sọ ìsìn di owó ilé. Mùsùlùmí tí ìjọ gbà sílé yóò máa lọ sí Jímọ̀ rẹ̀, Kìrìsítẹ́nì tí mọ́sáláásí gbà sílé yóò máa lọ sí ìjọ rẹ̀, ẹni tí kò bá sì fẹ́ lọ sí ibì kankan yóò jókòó sínú yàrá rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè.

Bí àìsàn ọpọlọ bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má kàn júwe ọ̀nà fún un. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, èyí tí ó jẹ́ ti LAUTECH tẹ́lẹ̀, wà nínú ìlú. Ẹ gbọ́ àlàyé dókítà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé oògùn wọ̀nyí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ tán, àti pé ìgbà tí ara bá ti yá ni ọ̀pọ̀ ń dá wọn dúró, tí àìsàn sì ń padà. Ẹ béèrè bóyá abẹ́rẹ́ tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè rọ́pò èyí tí a ń gbé mì lójoojúmọ́. Wárápá kì í ràn, ẹ sọ èyí fún àwọn alájọgbé ní gbangba bí ẹni náà bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí gìrì bá gbé ni a ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ láìki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn tàbí tí wọ́n ti ń nà án. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó rọ́pò ti ayé amúnisìn, ìtọ́jú tí ó ní ọ̀wọ̀ nínú sì ni òfin náà ń béèrè fún aláìsàn.

Nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tí ó máa ń ṣáájú kí àìsàn náà tó dé: ṣé àìsùn ni, ṣé ó máa ń kó ẹrù rẹ̀ fún àwọn ènìyàn, ṣé kì í fẹ́ wẹ̀ mọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó fẹ́ kí ẹ ṣe nígbà náà àti ẹni tí ó fẹ́ kí ẹ pè. Ìwé kékeré yìí yóò wúlò ju ìpàdé pàjáwìrì èyíkéyìí lọ.

Ìwé, iṣẹ́ àti owó

Ẹ bá a ṣe NIN ní kíákíá. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, òun ni wọn yóò sì béèrè fún síìmù àti báńkì. Ẹ béèrè ní ilé ìtọ́jú ìlera tó wà ládùúgbò bóyá wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ sí ètò ìlera tí ìjọba là sílẹ̀ fún àwọn aláìní.

Ní ti iṣẹ́, ẹ fún un ní oṣù díẹ̀ kí ó sinmi. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè iṣẹ́ tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sun ìta jẹ́ téélọ̀, bíríkìlà, alásè tàbí awakọ̀ rí, ó sì rọrùn láti padà sí iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀ ju kí a máa kó gbogbo ènìyàn lọ kọ́ ọṣẹ ṣíṣe. Gbàrà tí owó bá ti ń wọlé, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ tí òun fúnra rẹ̀ yàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ 200 náírà lóòjọ́, kí ó sì mọ̀ pé ara owó ilé ọdún kẹta ni.

Nígbà tí nǹkan bá dojú rú

Bí ó bá kúrò nílé fún alẹ́ mélòó kan, ẹ fi yàrá náà sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì lọ wá a níbi tí ẹ ti kọ́kọ́ rí i. Bí ó bá mutí padà wálé, ọ̀rọ̀ ọtí ni ẹ ó bá a sọ nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá, ẹ kò ní fi ilé halẹ̀ mọ́ ọn. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti alájọgbé, ẹ lọ bá onílé lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ohun tí ó bá bàjẹ́ ni ẹ ó sì tún ṣe láti inú owó ìtọ́jú. Nígbà mìíràn yàrá yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ wá òmíràn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ètò wọn lówó ju tiwa lọ, inú yàrá kejì ni àwọn mìíràn sì ti ń fìdí múlẹ̀, nítorí pé wọ́n ti mọ irú àdúgbò àti irú alájọgbé tí wọ́n lè bá gbé.

Bí ọdún kejì bá ń parí lọ, ẹ bá onílé àti ayálégbé jókòó pọ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí owó tuntun yóò tó san. Ẹ wo iye tí àjọ rẹ̀ jẹ́, kí ẹgbẹ́ san ìyókù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìpín tirẹ̀ yóò ti máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún àti bí tiyín yóò ti máa dín kù. Lórí àgírímẹ́ǹtì tuntun náà, kí ó fúnra rẹ̀ yan ẹni tí onílé yóò máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ìbátan tí wọ́n ti parí ìjà, tàbí alájọgbé tí ó fẹ́ràn rẹ̀, kí nọ́ńbà yín sì wà ní ìsàlẹ̀ ti ẹni náà.